Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò tàn mọ́ láti ìgbà tí iná ti dé: ṣé motherboard ló jóná lóòótọ́?

Atẹ̀wé Òṣogbo

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn lórí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń jẹun. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí ilé-ìwé girama ní Òṣogbo, níbi tí a ti ń tẹ ìwé, tí a ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí a sì ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni mo ní, èyí tí àpótí rẹ̀ dúró lábẹ́ tábìlì, mo sì ti ń lò ó láti nǹkan bí ọdún mẹ́fà láìsí wàhálà tí ó le.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n mú iná lọ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Bátìrì UPS wa, ẹ̀rọ tí ó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró fún ìgbà díẹ̀ bí iná bá lọ, ti kú tipẹ́, nítorí náà kọ̀ǹpútà náà kú lẹ́ẹ̀kan náà, n kò sì tan jẹnẹrétọ̀ nítorí pé kò sí epo nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú iná dé lọ́sàn-án, iná náà wọlé pẹ̀lú agbára débi pé gílóòbù ṣọ́ọ̀bù mi mọ́lẹ̀ yòò kí ó tó padà sí bí ó ṣe máa ń rí. Mo tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, kò dáhùn. Kò sí fáànù tí ó yí, kò sí iná kankan níwájú rẹ̀, mọ́nítọ̀ kò sì gbé ohunkóhun jáde. Mo yọ wáyà rẹ̀, mo tún un kì bọ̀ ọ́, mo gbé e lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn, ibi tí ó wà náà ló wà. Printer tí ó wà lórí ẹ̀kístẹ́ńṣọ̀n kan náà ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀. Ohun kan tí mo ṣàkíyèsí ni pé bí mo bá tẹ́ etí sí ẹ̀yìn àpótí náà nígbà tí iná bá wà lára rẹ̀, mo máa ń gbọ́ ìró kékeré kan, tík, tík, tík, bí ìgbà tí aago ọwọ́ bá ń rìn, kì í sì í dáwọ́ dúró títí mo fi máa yọ ọ́ kúrò lára iná.

Ẹni tí ó máa ń bá wa tún nǹkan ṣe wá wò ó. Kò tú u. Ó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní iná tí ó dé lójijì ti jó motherboard, ìyẹn pákó ńlá inú kọ̀ǹpútà tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ so mọ́, pé kí n wá owó tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mìíràn. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìforúkọsílẹ̀ parí, iṣẹ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ sì wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Ọ̀nà wo ni mo lè gbà mọ̀ dájú ohun tí ó bàjẹ́ kí n tó náwó? Mo ní mítà kékeré tí ọkọ mi fi ń wọn bátìrì mọ́tò, ọmọ iṣẹ́ mi sì lè tú súkúrù. Ẹ ṣeun púpọ̀.

Ará Mọ́kọ́lá

Ìyá wa, ẹ kú wàhálà, ẹ sì kú àfaradà. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ lórí iṣẹ́ àwọn ọmọ náà. Inú hard disk ni gbogbo rẹ̀ wà, bí motherboard bá tilẹ̀ jóná, a lè yọ hard disk náà kí a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí a sì kó ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sílé, ẹ yọ hard disk sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín ná.

Ní tèmi, ibi tí iná ti ń wọlé ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò ní Nàìjíríà, irú èyí tí wọ́n ń lò ní Ìlú Ọba, ní fíúsì nínú, ó lè jẹ́ ti 3, ti 5 tàbí ti 13 amp, ojú lásán kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ó ti já. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà kan nígbà kan, tí mo tú gbogbo ara rẹ̀ palẹ̀, kí n tó ṣí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ tí mo sì rí i pé fíúsì ibẹ̀ ni ó já. Wáyà tí ó wọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà sábà máa ń bá ti mọ́nítọ̀ mu, nítorí náà ẹ pàrọ̀ àwọn méjèèjì kí ẹ wò ó. Ẹ tún wo bọ́tìnnì kékeré tí ó wà lẹ́yìn power pack, ìyẹn àpótí irin inú kọ̀ǹpútà tí ó ń gba iná ògiri tí ó sì ń pín in fún àwọn ẹ̀yà yòókù. Wọ́n kọ I (ó wà ní títàn) àti O (ó wà ní pípa) sí i lára. Ìgbálẹ̀ lè kàn án nígbà tí ẹ bá ń gbálẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Bí gbogbo èyí bá dára, ẹ ra power pack mìíràn kí ẹ fi dán an wò. Òun ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ kú bí iná bá wọlé tagbáratagbára, kò sì wọ́n tó motherboard.

Onítòkunbọ̀ Ìkẹjà

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀. Lẹ́yìn àwọn power pack kan, bọ́tìnnì pupa kékeré kan wà tí wọ́n kọ 115 sí apá kan rẹ̀, tí wọ́n sì kọ 230 sí apá kejì. 120 fóltì ni iná ilé ní Amẹ́ríkà, nítorí náà 115 ni bọ́tìnnì náà sábà máa ń wà lára èyí tí ó bá ti ọ̀hún wá. Bí ó bá wà níbẹ̀, power pack á máa sọ iná tí ó bá wọlé di ìlọ́po méjì. Tí ẹ bá wá kì í bọ iná wa, tí ó jẹ́ 230 fóltì, ohun tí ó máa dé orí àwọn kàpásítọ̀ inú rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tí ó ń tọ́jú iná pamọ́, á ju 600 fóltì lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ṣe wọ́n láti gba ju nǹkan bí 400 lọ lápapọ̀. Ìró rẹ̀ a máa dún bí ìbọn, èéfín á sì bo yàrá. Mo ti fojú ara mi rí i lórí kọ̀ǹpútà tí èmi fúnra mi gbàgbé láti yẹ̀ wò kí n tó tàn án, ó sì dùn mí gan-an nítorí pé iṣẹ́jú àáyá kan péré ni ìyẹ̀wò náà ì bá gbà mí.

Kò dájú pé èyí ni ó ṣe ìyá wa, nígbà tí wọ́n ti ń lo tiwọn láti ọdún mẹ́fà. Èyí tí wọ́n bá kọ 100–240 sí lára kò ní bọ́tìnnì yìí, kò sì nílò rẹ̀.

Atúnṣe Abẹ́òkúta

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ti sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a fetí sí ìró tí màmá sọ, nítorí pé ìró yẹn ti sọ ohun púpọ̀ fún wa. Bí fíúsì púlọ́ọ̀gì bá já, tàbí bí bọ́tìnnì ẹ̀yìn bá wà ní O, kò yẹ kí ìró kankan wà rárá. Tík-tík tí ẹ ń gbọ́ jẹ́ àmì pé iná ń dé inú power pack, pé ó ń gbìyànjú láti jí, pé ohun kan ń fà á mọ́lẹ̀, tí ó sì ń yára pa ara rẹ̀ kí ó má baà jóná, kí ó tó tún gbìyànjú. Ìbéèrè tí ó kù ni bóyá inú rẹ̀ ni ìdíwọ́ náà wà ni, tàbí lára ohun tí ó ń fún ní iná. Ìdí nìyí tí n kò fi ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ra ohunkóhun lónìí. Bí ẹ bá ra power pack tuntun, tí ó sì jẹ́ pé lára motherboard ni ìdíwọ́ wà, èyí tuntun náà á máa ṣe tík-tík, ẹ ó sì gbà pé motherboard ti jóná, bẹ́ẹ̀ ó lè má rí bẹ́ẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ti kì í bọ iná, kọ̀ǹpútà kò sùn tán, bí ẹ kò bá tilẹ̀ tíì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Power pack a máa fi 5 fóltì ránṣẹ́ sínú motherboard nígbà gbogbo láti inú wáyà kan ṣoṣo, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò. Iná kékeré yìí ni motherboard fi ń mọ̀ pé ẹ tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, motherboard á fa wáyà aláwọ̀ ewé wálẹ̀ sí òdo, ìyẹn ipele wáyà dúdú, power pack á sì tú iná ńláńlá sílẹ̀: 12 fóltì nínú wáyà ìyeyè, 5 nínú pupa, 3.3 nínú aláwọ̀ ọsàn. Bí ti elésè àlùkò kò bá pé, kò sí ẹni tí ó máa gbọ́ pé ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ ò báà tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ ṣe báyìí. Ẹ yọ kọ̀ǹpútà kúrò lára iná, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú kí ìwọ̀nba iná tí ó kù nínú rẹ̀ lè tán. Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí. Ẹ ó rí orí wáyà gbọọrọ kan tí ó ní ihò 24, tí ó kì bọ motherboard. Ẹ yí mítà sí 20 fóltì ti DC, nítorí pé ti bátìrì ni a fẹ́ wọ̀n, kì í ṣe ti ògiri. Ẹ kọ́kọ́ fi orí wáyà náà sílẹ̀ lára motherboard, ẹ kì í bọ iná padà, kí ẹ ti irin dúdú mítà sẹ́yìn ihò wáyà dúdú, kí ẹ sì ti irin pupa sẹ́yìn ihò elésè àlùkò. Ẹ kọ iye tí ó bá sọ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ yọ orí wáyà náà kúrò lára motherboard, kí ẹ tún un wọ̀n. Láti 4.75 sí 5.25 ni ó dára.

Bí ó bá dára nígbà tí ẹ yọ ọ́, ẹ lè dán iná ńlá wò. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ fi irin kékeré tí a fi ń so ìwé pọ̀ so ihò aláwọ̀ ewé mọ́ ihò dúdú kan, kí ẹ tó wá kì í bọ iná. Fáànù power pack yẹ kí ó yí. Orí wáyà náà kò gbọ́dọ̀ wà lára motherboard nígbà tí ẹ bá ń ṣe èyí, aláwọ̀ ewé àti dúdú nìkan ni kí irin náà sì kàn.

Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kí ọmọ iṣẹ́ yín má ṣe ṣí power pack fúnra rẹ̀. Kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ a máa gbé ju 300 fóltì lọ, ó sì lè mú un pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti jẹ ẹ́ rí, ọjọ́ kejì ni mo tó lè di gègé mú dáadáa.

Atẹ̀wé Òṣogbo

Ọ̀gá, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. A ti ṣe é ní àárọ̀ yìí bí ẹ ṣe kọ ọ́. Bọ́tìnnì ẹ̀yìn wà ní I, fíúsì dára, a sì ti pàrọ̀ wáyà pẹ̀lú ti mọ́nítọ̀.

Nígbà tí orí wáyà náà wà lára motherboard, nọ́ńbà mítà kò dúró lójú kan, ó ń lọ ó ń bọ̀ láàárín 0.3 àti 0.9. Nígbà tí a yọ ọ́, ó di 5.06, ìró tík-tík náà sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. A fi irin so ewé mọ́ dúdú, fáànù yí; ìyeyè sọ 12.1, pupa sọ 5.03, aláwọ̀ ọsàn sọ 3.34. Ṣé èyí túmọ̀ sí pé òótọ́ ni ẹni tí ó ní motherboard ló jóná sọ?

Ará Mọ́kọ́lá

Mo yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ká ní wọ́n tẹ̀lé ìmọ̀ràn mi ni, wọn ì bá ti ra power pack tí wọn kò nílò.

Atúnṣe Abẹ́òkúta

Màmá, ẹ káre. Àwọn nọ́ńbà yín kò lè ṣe kedere jù báyìí lọ. Power pack yín kò ní àrùn tí a rí. Ṣùgbọ́n kò tíì yá láti dá motherboard lẹ́bi, nítorí pé iná elésè àlùkò kì í dúró sórí motherboard nìkan. Ó ń bá a kọjá lọ sí ojú ihò USB, sí kíbọ́ọ̀dù àti máòsì, sí ibi wáyà íntánẹ́ẹ̀tì àti sí àwọn káàdì tí a kì bọ̀ ọ́. Bí ohun kan ṣoṣo lára wọn bá so iná mọ́ òdo, gbogbo rẹ̀ ni yóò wálẹ̀. Ó yẹ kí fíúsì kéékèèké wà lójú ọ̀nà USB láti gba motherboard sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo motherboard ni ó ń tètè gbà sílẹ̀ bí ó ti yẹ.

Ẹ fi elésè àlùkò ṣe ẹlẹ́rìí yín. Ẹ kì orí wáyà padà, kí ẹ máa yọ nǹkan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí pé ẹ gbọ́dọ̀ yọ kọ̀ǹpútà kúrò lára iná kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìta: kíbọ́ọ̀dù, máòsì, wáyà printer, wáyà mọ́nítọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ wáyà tí ó ti iwájú àpótí wá sórí motherboard, pàápàá ti USB iwájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni káàdì, bí ó bá wà, kí ó tó kan RAM, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ibi tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà wà. Iná ńlá ni ó ń jẹ, kì í sì í ṣe ibẹ̀ ni a ń wá.

Nígbà tí ẹ bá wà nídìí rẹ̀, ẹ wo orí àwọn kàpásítọ̀ tí ó dúró bí agolo kéékèèké lórí motherboard. Orí wọn yẹ kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tí orí rẹ̀ bá wú, tàbí tí omi aláwọ̀ ilẹ̀ bá ti ṣàn jáde lórí rẹ̀, ti kú. Láàárín ọdún 1999 àti nǹkan bí 2007, irú kàpásítọ̀ tí omi inú rẹ̀ kò dára wọ inú kọ̀ǹpútà púpọ̀ káàkiri àgbáyé, mo sì ṣì ń rí lára wọn lórí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n ń gbé wá bá mi. Tiyín kò gbọ́dọ̀ dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wíwò kò gba owó.

Ní ti ẹni tí ó bá ń ka èyí tí fáànù tirẹ̀ ń yí ṣùgbọ́n tí àwòrán kò jáde, ọ̀nà mìíràn ni tirẹ̀. RAM ni kí ó kọ́kọ́ yọ, kí ó fi rọ́bà ìpàwérẹ́ nu ojú wúrà ìdí rẹ̀, kí ó sì kì í padà títí tí yóò fi dún ní ìhà méjèèjì.

Atẹ̀wé Òṣogbo

Ẹ̀yin ará mi, ó ti tàn! Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ti ń kọ èyí.

A yọ gbogbo ohun tí ó wà lẹ́yìn, nọ́ńbà kò yí padà. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ mi yọ wáyà USB iwájú kúrò lórí motherboard, tí a tún kì í bọ iná, mítà fò sókè sí 5.04, iná aláwọ̀ ewé kékeré kan sì tàn lórí motherboard, èyí tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì, fáànù yí, mo gbọ́ ìró píìpù kan, mo sì rí ojú kọ̀ǹpútà mi.

Mo wá tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò USB méjì tí ó wà níwájú. Ti òkè dára. Ti ìsàlẹ̀, ahọ́n ike funfun inú rẹ̀ ti ṣẹ́ láti ìdí, ó dà gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ sí apá kan, ọ̀kan lára ojú irin mẹ́rin rẹ̀, èyí tí ó wà létí, sì ti tẹ̀ tí ó fi kan pákó irin tí ó yí ihò náà ká. Mo bi ọmọ iṣẹ́ mi, ó sì jẹ́wọ́. Nígbà tí iná ti lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, akẹ́kọ̀ọ́ kan mú fláàṣì wá, ó ń kánjú, wọ́n sì kì í bọ̀ ọ́ nínú òkùnkùn kí ó lè wà nílẹ̀ de iná. Ó kọ̀ láti wọlé, wọ́n fi agbára tì í. Ìdojúdé ni wọ́n kì í bọ̀ ọ́. N kò bá a wí, nítorí pé kò mọ̀, kò sì sí ẹni tí ó fi wé ara wọn nígbà tí iná ti dé tagbáratagbára lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Gbogbo wa gbà pé iná ni.

Ìbéèrè méjì ni ó kù. Ṣé mo lè fi abẹ́rẹ́ tẹ ojú irin náà padà sí ipò rẹ̀? Ṣé motherboard kò ní farapa nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀?

Atúnṣe Abẹ́òkúta

Mo bá yín yọ̀, màmá, mo sì bá ọmọ iṣẹ́ yín yọ̀ pé ó sọ òótọ́.

Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ padà. Ahọ́n ike yẹn ni ó di àwọn ojú irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú kí wọ́n má baà kan ara wọn. Nígbà tí ó ti ṣẹ́, fláàṣì tí ó bá tẹ̀lé e ni yóò tún tẹ ojú irin náà. Ojú irin tí ẹ rí létí ni ó ń gbé 5 fóltì, òdo sì ni pákó irin tí ó yí i ká, ìdí nìyẹn tí gbogbo iná elésè àlùkò fi wálẹ̀. Ẹ fi wáyà iwájú náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìkì í bọ̀ ọ́. Wáyà USB iwájú pẹ̀lú ihò rẹ̀ wà lọ́jà lọ́tọ̀, ẹ̀rọ kékeré ni, ẹ sì lè ní kí wọ́n bá yín wá èyí tí orí rẹ̀ bá ti motherboard yín mu. Kí ó tó dé, ẹ ra wáyà USB gbọọrọ kan, ẹ kì í bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ mọ́ orí tábìlì, kí fláàṣì oníbàárà máa wọ ibẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́, wáyà nìkan ni ẹ ó pàrọ̀.

Ní ti motherboard, ẹ wo ihò USB ẹ̀yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo wọn bá mọ fláàṣì, tí kọ̀ǹpútà sì ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan láìkú fúnra rẹ̀, kò sí ohun tí ó ṣe é. Ẹ tún wá bátìrì fún UPS yẹn kí ìforúkọsílẹ̀ tó wọ̀ ọ́ lára.

Atẹ̀wé Òṣogbo

Mẹ́fà ni ihò ẹ̀yìn, gbogbo wọn mọ fláàṣì. A ti fi téèpù dúdú lẹ ihò iwájú méjèèjì pa. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ àná ni kọ̀ǹpútà náà ti ń ṣiṣẹ́, a sì ti forúkọ ọmọ mọ́kànlélógún sílẹ̀. Mo pe ẹni tí ó ní kí n wá owó motherboard, mo ṣàlàyé fún un, ó sì ní kí n fi àwọn nọ́ńbà elésè àlùkò náà ránṣẹ́ sí òun kí òun lè kọ wọ́n sílẹ̀. Mo ti fi wọ́n ránṣẹ́.